Orúnkún Ayaba

Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dá Àyìnkẹ́ dúró tó bẹ́ẹ̀ kó tó di ayaba, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Orúnkún rẹ̀ ni. Kì í ṣe ohùn, kì í ṣe ojú, kì í sì í ṣe pé ó ń gbàgbé ọ̀rọ̀. Orúnkún méjì tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí àwọn àgbà ilé kọ́ ní ìkúnlẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, àwọn ni ọ̀tá rẹ̀.

Èmi ni Kùdírátù aránṣọ. Lomé níbí ni wọ́n bí mi sí, ní Ànàgókómè, àdúgbò àwa Ànàgó, àwa tí baba wa ti ilẹ̀ Yorùbá wá ṣòwò létí òkun. Agboolé kan náà ni èmi àti Àyìnkẹ́ ń gbé. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lábẹ́ igi máńgòrò, tábìlì tó fi ń lọ aṣọ wà ní òdì kejì igi náà. Bó bá wúkọ́, mo gbọ́. Bí mo bá sín, á ní "pẹ̀lẹ́". Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé báyìí kọ́ ló rí.

Ayé Faransé là ń wí, kí ogun Hítílà tó dé. Aṣọ lílọ̀ ni Àyìnkẹ́ ń ṣe jẹun. Àwọn akọ̀wé bùrò, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba, tó ń gbé ní àdúgbò Nyékonakpoè ló ń kó ṣòkòtò funfun wá fún un, àwọn tó jẹ́ pé bí ìlà ṣòkòtò bá wọ́ díẹ̀, wọn kò ní lè wo ojú ọ̀gá wọn. Ní ìdájí, á ti ko iná ẹ̀ẹ́dú sínú áyọ́ọ̀nù, á sè sítáàṣì láti inú ẹ̀gẹ́, á bu omi sẹ́nu, á fọ́n ọn sára aṣọ, á sì bẹ̀rẹ̀. Ìdúró ni láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́, nítorí pé ìdí tábìlì yẹn ló ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ eré. Kò mọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ fún un, á gbé e wálé nínú orí rẹ̀, á sì máa lọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ lára. Mo ti gbọ́ ọ tó ń sọkún nítorí ọba tó kú, tó sì ń lọ kọ́là ẹ̀wù lọ́wọ́ kan náà. Omijé kan kì í kán sórí aṣọ aláṣọ.

Bó ṣe di eléré nìyí. Àwọn Ànàgó tó ti Pọ̀tónóvò, ìyẹn Àjàṣẹ́, wá ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan nítòsí wa, ẹgbẹ́ akọrin wọn sì máa ń ṣe kantátà. Kantátà ni eré olórin tí wọ́n ń ṣe ní Yorùbá, tí wọ́n á fi èdè Mínà díẹ̀ há a láàárín kí àwọn onílẹ̀ náà lè rí ẹ̀rín rín. Raphaël, akọ̀wé rélùwéè kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ń wọ jígí, ni olórí ẹgbẹ́ náà. Mùsíyọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gá. Òun ló ń kọ eré, òun ló ń kọ́ni lórin, òun ló ń bínú. Lọ́jọ́ kan tó mú ṣòkòtò wá, ó gbọ́ ohùn Àyìnkẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, ó gbàgbé ohun tó mú un wá. Mùsùlùmí ni wá o. Àmọ́ Mùsíyọ̀ ní ohùn kò ní mọ́ṣáláṣí, kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí Àyìnkẹ́ ṣáà máa bọ̀ wá kọ́ orin ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti Sátidé.

Ó lọ. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí fún un náà, ibà ti gbé e lọ kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ilé dákẹ́ jù fún un, ó fẹ́ ibi tí èèyàn ti ń pariwo.

Àṣà ẹgbẹ́ yẹn ni pé bí eré tuntun bá dé, gbogbo ènìyàn á tún padà wá ṣe ìdánwò. Kò sí pé o ṣe é dáadáa nígbà tó kọjá. Àyìnkẹ́ á ṣe ìdánwò, wọ́n á ní kó ṣe ìránṣẹ́bìnrin. Eré mìíràn á dé, ìránṣẹ́bìnrin. Ó ti ṣe ìránṣẹ́ aya ọba, ìránṣẹ́ aya olówó, ìránṣẹ́ ìyá arúgbó tó fọ́jú. Ó kúnlẹ̀ débi pé bí wọ́n bá lọ ṣeré ní Baguida, àwọn ọmọ apẹja á máa pè é ní "Dàdá Kúnlẹ̀", ìyẹn Ẹ̀gbọ́n Kúnlẹ̀. Nígbà tó sú u, ó lọ bá ẹgbẹ́ eléré kan tó ti apá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá wa pààlà wá, àwọn tó ń kun ojú ní funfun. Àwọn wọ̀nyẹn ní àwọn kò gba obìnrin, àwọn ní ọkùnrin kan tó ń ṣe obìnrin dáadáa jù ú lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan wà tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí rárá. Bàbá Fàsásì ni, ẹ̀gbọ́n baba Àyìnkẹ́, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí baba rẹ̀ kú. Obì ló ń tà lọ́jà ńlá, òun sì ni olórí ẹbí wa ní Lomé. Àgbà tí kì í pariwo ni, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà wá. Ọjọ́ tó gbọ́ pé ìránṣẹ́bìnrin ni wọ́n ń fi Àyìnkẹ́ ṣe, ó ní, "Ọmọ mi kì í ṣe ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni. N kò ní dá ọ dúró, àgbà lo jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú mi kò ní rí i." Láti ọjọ́ náà wọn kò tún sọ ọ́ mọ́. Àyìnkẹ́ á lọ kí i láràárọ̀ lórí orúnkún méjèèjì, á ní "ẹ káàárọ̀, Bàbá," òun á ní "o jí ire bí?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ìkíni bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ìgbà tó yá ni Mùsíyọ̀ gbé eré tuntun dé. Ọba kan lọ sógun, ogun le, ó fi ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ayaba bí dúró lọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá kí wọ́n lè jẹ́ kí òun lọ. Ó délé, ó se àsè, ó ránṣẹ́ sí gbogbo ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n wá kúnlẹ̀ kí òun kú oríire. Gbogbo wọn lọ. Ayaba kò lọ. Ó ní kí ìránṣẹ́ padà lọ jẹ́ iṣẹ́ yìí fún ọba: "Bí ọmọ mi bá wọlé, màá kúnlẹ̀. Bí kò bá wọlé, orúnkún mi kò ní kan ilẹ̀."

Àyìnkẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó sì wálé wá bá mi. Ó jókòó sórí àpótí. Ó wá ní, "Kùdí, obìnrin yìí, mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni màá ṣe é." Mo ní, "Wọ́n ti fi ọ́ ṣe é ni?" Ó ní, "Wọn ò tíì fi mí ṣe é. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá fi mí ṣe é, n kò ní ṣeré mọ́ láyé mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye aṣọ tó kù nílẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe àwàdà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó ti lọ aṣọ tán kí oòrùn tó gùnkè. Ó wẹ̀, ó ró ìró tó dáa jù, ó ní kí n bá òun wé gèlè kó ga. Mo ní, "Ayaba ni àbí òpó ilé?" Ó ní, "Ayaba." A jọ lọ, nítorí pé èmi ni mò ń rán aṣọ eré fún wọn.

Angèle ló kọ́kọ́ ṣe é. Ọmọ Mínà ni, Ànàgó ni ìyá rẹ̀, ilé-ìwé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ló ti jáde. Ọmọ náà mọ ìdúró! Ọrùn rẹ̀ gùn, ejìká rẹ̀ tẹ́, bọ́n-júù lásán ni wọ́n fi ń kí àgbà nílé baba rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá ní "ọmọ mi", bí ẹni ń ná ẹja lọ́jà ló ń dún. Òun náà mọ̀, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Àyìnkẹ́ bọ́ síta. Ó kọrin ayaba, orin tí ìyá fi ń wá ọmọ káàkiri ilé. Mùsíyọ̀ yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, kò rántí dá a padà. Mo ní nínú ara mi pé ó parí, wọ́n ti fún un. Kí ìránṣẹ́ ọba ṣáà wọlé ló kù.

Bàbá Adéyẹmọ káfíńtà ló ń ṣe ìránṣẹ́ ọba. Arúgbó ni, orí rẹ̀ funfun, ọ̀rẹ́ baba Àyìnkẹ́ ni nígbà tí baba náà wà láyé. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ayaba, ọba ní kí ẹ máa bọ̀." Kó tó sọ ọ́ tán, ayaba ti wà nílẹ̀. Àyìnkẹ́ ti kúnlẹ̀, ó ń ní, "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ dákun, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi, orí mi ò gbé e!" Bàbá Adéyẹmọ dá a lóhùn láti ilẹ̀ tó wà, ó ní, "Ìwọ ni kó o dìde, ọmọ yìí, eré là ń ṣe." Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, ìtẹ́ ayaba ṣófo.

Yéè! Ẹ̀rín sọ. Àwọn akọrin ń lu ara wọn. Mùsíyọ̀ nìkan ni kò rín. Ó ní, "Ayaba tó ní òun kò ní kúnlẹ̀ fún ọba, òun ló ń kúnlẹ̀ fún ọmọ-ọ̀dọ̀ ọba!" Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, orúnkún tún tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di ara rẹ̀ mú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, orúnkún ọ̀tún kọ̀, tòsì tẹ̀. Mùsíyọ̀ ní, "Ohùn rẹ ni mo fẹ́. Àmọ́ títí oṣù tuntun á fi lé ni mo fún ọ. Bí orúnkún yẹn bá ṣì ń tẹ̀, Angèle ló ni ayaba."

Ẹ má rò pé Angèle ń yọ̀. Ó tẹ̀lé wa jáde, ó ní, "Dàdá Àyìnkẹ́, n ò fẹ́ ayaba yín o. Ìyàwó kékeré ni mo fẹ́, òun ló ń wọ aṣọ tó ń dán. Ẹ jẹ́ n kọ́ yín ní ìdúró." Ó sì kọ́ ọ lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń lọ sí etí òkun, níbi tí iyanrìn ti le. Angèle á ní kó gbé àgbọ̀n dúró, kó má rọ ejìká, kó máa wo ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé. Àyìnkẹ́ á dúró bí ayaba tòótọ́. Èmi á wá fi ohùn arúgbó ké láti ẹ̀yìn pé, "Àyìnkẹ́, o káalẹ́ o!" Gbì, ó ti kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Angèle á ká ọwọ́ lé orí. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń fún ẹ̀yin Ànàgó jẹ nígbà tẹ́ ẹ wà léwe?" Mo ní pàṣán ni.

Àyìnkẹ́ ló wá ronú kan pákó. Ó ní kí n rán pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú yẹ̀rì òun, níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ má lè tẹ̀. Mo ní, "Ṣé orí rẹ pé?" Ó ní kí n ṣáà rán an. Mo rán an, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ló ní kí n dè é. Lọ́jọ́ Sátidé, ó rọra wọlé, ó dúró gan-an-ran, ó rẹwà, Mùsíyọ̀ ti ń mi orí. Bàbá Adéyẹmọ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ara òkè Àyìnkẹ́ tẹ̀ síwájú láti kí àgbà, ara ìsàlẹ̀ kò gbà. Ó ṣubú lé Bàbá Adéyẹmọ lẹ́yìn bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ já. Odindi ènìyàn mẹ́ta ló fà á dìde, nítorí pé kò lè ká ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ tọrọ àforíjì nílé Bàbá Adéyẹmọ. Mo bá a lọ, ìtìjú ti mú un tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè dá lọ. Ó kúnlẹ̀ sáàárín èérún igi, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá Adéyẹmọ ń fi epo ra ẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àyìnkẹ́, wò ó. Kò sí ohun tó ṣe orúnkún rẹ, ẹ̀kọ́ ilé ni. Bí o bá rí mi, gbèsè ìkúnlẹ̀ wà lọ́rùn rẹ, orúnkún rẹ sì fẹ́ san án. Wá máa san án níbí. Kí a tó lọ síbi eré, wá sílé mi, kúnlẹ̀, kí mi, kí ìyàwó mi, bèèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bèèrè adìyẹ mi pàápàá. Kí o kí mi débi tí kò ní ku nǹkan kan. Bí a bá wá dé orí ìtàgé, èmi kọ́ nìyẹn mọ́. Èmi, o ti kí mi. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ọba kan ló wà níwájú rẹ."

Ẹ ò rí i pé àgbà ṣàrà ọ̀tọ̀! Àyìnkẹ́ ń lọ síbẹ̀ kí gbogbo ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Á kúnlẹ̀ títí ìyàwó Bàbá Adéyẹmọ á fi ní kí wọ́n dákun jẹ́ kí òun gbálẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orúnkún mì, kò tẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò mì mọ́. Bàbá Adéyẹmọ dọ̀bálẹ̀, Àyìnkẹ́ wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ láti òkè, ó ní, "Padà lọ sọ fún ẹni tó rán ọ." Ó pe àgbà ní "ọ"! Ara mi bù máṣọ. Mùsíyọ̀ pàtẹ́wọ́ lóun nìkan. Bó ṣe di ayaba nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni eré náà, nínú ọgbà ilé-ìwé kan ní Nyékonakpoè. Láti àárọ̀ ni Àyìnkẹ́ ti ń káàkiri Ànàgókómè, ó ń san ìkúnlẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo àgbà tó lè wá wo eré ló kí, ojúlé dé ojúlé, títí erùpẹ̀ fi kọlà sí orúnkún rẹ̀. Ojúlé kan péré ló fò. Mo ní, "Bàbá ńkọ́? O kò kí i láti àárọ̀." Ó ní, "Bí mo bá lọ, á bi mí ibi tí mò ń lọ, n kò sì lè purọ́ fún un. Kò kúkú ní wá." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ta ni kò ní gbà? Ọkùnrin yẹn ti ní ojú òun kò ní rí i.

Èrò pọ̀. Àwọn Ànàgó, àwọn Mínà, àwọn akọ̀wé tó wọ ṣòkòtò tí ayaba fúnra rẹ̀ lọ̀. Èmi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, nítorí pé aṣọ Angèle tú lápá. Eré ń lọ dáadáa. Ọba dé láti ogun, àwọn ìyàwó lọ kí i, Angèle ń dán nínú aṣọ rẹ̀. Àyìnkẹ́ dá dúró ní àárín ìtàgé. Bàbá Adéyẹmọ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ọba ní kí ó máa bọ̀.

Ìgbà náà ni mo rí i tí èrò ń là láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìyá wa tó jókòó lórí bẹ́ńṣì ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀, "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá, ẹ káàbọ̀." Mo na ọrùn. Háà! Bàbá Fàsásì ni, nínú agbádá funfun, ó ń bọ̀ ní àárín wọn, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó rìn dé iwájú ìtàgé, ó dúró. Abẹ́rẹ́ bọ́ lẹ́nu mi.

Ó ní, "Àyìnkẹ́."

Kò pariwo. Àmọ́ kò sí ẹni tí kò gbọ́. Bàbá Adéyẹmọ wà nídọ̀bálẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun dìde. Mùsíyọ̀ ń fi ọwọ́ pè mí láti òdì kejì bí ẹni pé mo lè ṣe nǹkan kan. Ẹ gbọ́, bí Àyìnkẹ́ bá kúnlẹ̀, eré ti bàjẹ́, ayaba ti parí, á sì di Dàdá Kúnlẹ̀ títí ayé. Bí kò bá kúnlẹ̀, ó ti rí baba rẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, ó sì dúró gbagidi. Nílé wa, kò sí orúkọ fún ìyẹn, nítorí pé kò sí ẹni tó ṣe é rí. Ẹ̀gbẹ́ ni mo wà, mo rí yẹ̀rì rẹ̀. Ó ń mì.

Bàbá tún pè é. "Àyìnkẹ́."

Ó gbé àgbọ̀n dúró. Ojú Bàbá ló ń wò, omi ti kún ojú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò mì. Ó ní, "Padà lọ sọ fún ẹni tó rán ọ. Bí ọmọ mi bá wọlé, màá kúnlẹ̀. Bí kò bá wọlé, orúnkún mi kò ní kan ilẹ̀."

Bàbá Fàsásì wò ó. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó yí padà, ó sì bá ọ̀nà tó gbà wọlé jáde. Wọ́n ṣe eré náà parí. Ayaba sunkún gan-an lọ́jọ́ náà, àwọn Mínà ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kò sí ẹni tó lè sunkún eré bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìdí aṣọ wọn, wọ́n lọ.

A kò sùn. Bí wọ́n ṣe kírun àárọ̀ tán, a lọ sílé Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé ọwọ́ Àyìnkẹ́ ni mo dì mú, bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ti jókòó sórí ẹní yí Bàbá ká. Àyìnkẹ́ kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kò gbójú sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ọ̀kan ní, "Ọmọ tó rí baba rẹ̀ tó dúró bí òpó! A kò gbọ́ irú rẹ̀ rí." Òmíràn ní kó búra pé òun kò ní dé ibi eré mọ́ láé, bí kò bá búra, kí ẹbí yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀.

Bàbá Fàsásì gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Èmi ni mo lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin kò lọ. Wọ́n wá bá mi lọ́jà pé ọmọ mi wà láàárín ọjà ayé tó ń kúnlẹ̀ fún káfíńtà, fún akọ̀wé, fún ọmọ kékeré Mínà. Inú bí mi. Mo ní kí n lọ mú un wálé. Mo dé ibẹ̀, mo pe Àyìnkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àyìnkẹ́ kò sí níbẹ̀. Obìnrin kan ni mo bá lórí ìdúró, tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó ní, "Ṣé kí n ní kí obìnrin tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ wá kúnlẹ̀ fún mi? Kí ni mo fún un?"

Ó ní, "Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ti tán." Ó wá yíjú sí Àyìnkẹ́, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. "Mo jáde kó tó parí. Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n dá a padà?"

Àyìnkẹ́ gbìyànjú láti fi ẹnu sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, "Ọba gbọ́ iṣẹ́ náà, Bàbá, ó bínú..." kò lọ. Kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ́, bí a ṣe ń ṣe é ló mọ̀. Ló bá dìde. Nínú pálọ̀ Bàbá Fàsásì, níwájú gbogbo àgbà ẹbí, Àyìnkẹ́ dìde dúró, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Bàbá ti jáde. Ó ṣe ọba tó bínú. Ó ṣe ìránṣẹ́. Ó ṣe ayaba lójú fèrèsé, tó ń kọ orin wíwá ọmọ. Àgbà tó ní kó búra fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá fi ojú dá a jókòó.

Ó dé ibi tí ọba fúnra rẹ̀ padà lọ sójú ogun lọ gba ọmọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wa bá a wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀, a sì mọ̀ pé kò sí, a mọ ibi tí a sin ín sí. Àyìnkẹ́ na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ọmọ mi wọlé," orúnkún rẹ̀ sì kan ilẹ̀ lórí ẹní Bàbá.

Bàbá ní, "Wọ́n dá a padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó fi etí agbádá nu ojú, ó sì ní kó dìde, kó lọ ko iná sí áyọ́ọ̀nù rẹ̀, àwọn akọ̀wé á ti máa wá aṣọ wọn.